Férémù Kábọ́nù Olówó Pọ́ọ́kú Lójú Ọ̀nà Ìjẹ̀bú

Irin ni wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọ́kọ́ mọ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí ó ń ti Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, tí àwọn oníkòkó, àwọn tíṣà àti àwọn akọ̀wé ń gùn láyé ìjọba amúnisìn, lè wọ̀n tó 20 kg. Ó ń gbé ènìyàn àti ẹrù pọ̀, bí férémù rẹ̀ bá sì wọ́ tàbí tí ó ṣẹ́, ajórin kan kì í jìnnà tí yóò fi iná àti òòlù dá a padà sípò. Ọgbọ́n àtúnṣe tí ó gbilẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Òrù, Àwà àti Àgọ́-Ìwòyè, títí dé etí ọ̀sà ní Ìwópìn, jẹ́ ọgbọ́n tí irin fi kọ́ àwọn ènìyàn: ohun tí kò bá dúró, kí wọ́n dì í le sí i, ohun tí ó bá tẹ̀, kí wọ́n nà án, ohun tí ó bá já, kí wọ́n jó o pọ̀.

Férémù mìíràn ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ báyìí, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ́nù ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó fúyẹ́ débi pé ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e, tí owó rẹ̀ sì kéré jìnnà sí ti àwọn ilé iṣẹ́ olórúkọ ńlá. Àwọn kan ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn sì ń rí i láàrin kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ní Èkó. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé férémù olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ lè sin ẹni tí ó ni ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé ọwọ́ tí ń tò ó àti ọwọ́ tí ń tọ́jú rẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fura sí kí ó tó fura sí ilé iṣẹ́ tí ó mọ ọ́n, nítorí pé nínú ọgbọ́n irin mẹ́ta tí a kà sílẹ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tí kò lè ba kábọ́nù jẹ́.

Kábọ́nù ni èròjà tí ó pọ̀ jù lọ nínú èédú. Fọ́nrán rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe férémù jẹ́ okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń rí nípa sísun okùn oníke kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ polyacrylonitrile nínú iná tí ó gbóná ju 1,000°C lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò lè dé, títí tí àwọn èròjà yòókù yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán tí kábọ́nù nìkan yóò ṣẹ́kù. Thomas Edison ti sun okùn òwú àti fọ́nrán ọparun lọ́nà tí ó jọ èyí ní nǹkan bí ọdún 1880 fún gílóòbù iná mànàmáná, ṣùgbọ́n fọ́nrán tí ó lágbára tó láti fi kọ́ ọkọ̀ òfuurufú kò yọjú títí di ẹ̀yìn 1958, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ní Japan àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ lé ara wọn lórí, tí ilé iṣẹ́ Toray ní Japan sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é fún títà ní 1971. Fọ́nrán kan ṣoṣo kò nípọn ju ìdá 7 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Bí wọ́n bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ pọ̀, okùn rírọ̀ ni ó ṣì jẹ́, kò lè dá dúró; rẹ́sínì, ìyẹn oje kẹ́míkà tí ń yi bí ó bá ti jinná, ni ó ń dè é mọ́ ara rẹ̀ kí ó tó di ohun líle. Rẹ́sínì tí wọ́n ń lò fún férémù kẹ̀kẹ́ ni epoxy. Àdàpọ̀ méjèèjì yìí kò wọ̀n ju nǹkan bí gírámù 1.6 lọ nínú sẹ̀ǹtímítà oníhà-mẹ́ta kan, nígbà tí àlúmínì wọ̀n 2.7, tí irin sì wọ̀n bí 7.8.

Agbára fọ́nrán kábọ́nù kò dọ́gba ní gbogbo ìhà, àwọn lágilági ní sọ́mílì Ìjẹ̀bú-Igbó yóò sì tètè lóye èyí, nítorí wọ́n mọ̀ pé pákó tí kò ṣeé dá níbùú lè là gbaragada bí àáké bá bá ìlà rẹ̀ lọ. Fọ́nrán lágbára gidigidi bí wọ́n bá fà á ní gígùn, ṣùgbọ́n ní ìbú, rẹ́sínì nìkan ni ó dúró, rẹ́sínì kò sì ní agbára púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe férémù fi ń gé aṣọ fọ́nrán tí ó ti gba rẹ́sínì sára sí ọ̀pọ̀ ègé, tí wọ́n ń tẹ́ wọn léra pẹ̀lú ọwọ́, òmíràn gígùn, òmíràn dídábùú, òmíràn títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní igun 45°, gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí apá kọ̀ọ̀kan férémù yóò rù. Wọn yóò kó o sínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tí a gbẹ́ inú rẹ̀ bí àwòrán férémù, wọn yóò fẹ́ àpò rọ́bà sínú rẹ̀ kí ó lè tẹ fọ́nrán mọ́ ara mọ́ọ̀dù, wọn yóò sì yan án nínú iná tí ó lé ní 100°C títí epoxy yóò fi jinná. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ra kẹ̀kẹ́ rántí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá ti tẹ́ ègé kan sódì, ojú lásán kò lè rí i láti ìta.

Ní 1986, Greg LeMond ará Amẹ́ríkà gba ìdíje Tour de France lórí férémù tí wọ́n fi ọ̀pá kábọ́nù lẹ̀ mọ́ra, ní ọdún yẹn kan náà sì ni ilé iṣẹ́ Kestrel gbé férémù kábọ́nù tí kò ní oríkèé irin jáde fún títà. Láti ìgbà náà, kábọ́nù ti gba gbogbo ìdíje ńlá, débi pé àjọ UCI tí ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé fi òfin dè é láti ọdún 2000 pé kẹ̀kẹ́ ìdíje kò gbọdọ̀ wọ̀n kéré sí 6.8 kg. Orí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Biniam Girmay ọmọ Eritrea gbé borí ní ipele mẹ́ta nínú Tour de France 2024, orí rẹ̀ náà sì ni wọ́n gùn ní Kigali ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 nígbà tí ìdíje àgbáyé ti ojú ọ̀nà kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà nìkan ni Ese Ukpeseraye gbé lọ, nígbà tí àyè sì ṣí sílẹ̀ fún un láti díje nínú pápá olóbìírípo, àwọn ará Jámánì ni wọ́n yá a ní kẹ̀kẹ́ tí ó lò. Ẹni tí ó bá ń béèrè ìdí tí férémù olówó pọ́ọ́kú fi ṣe pàtàkì fún ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kọ́ eré kẹ̀kẹ́ ní Ìjẹ̀bú, ìdáhùn kan nìyẹn.

Ohun tí ó mú owó rẹ̀ wálẹ̀ kò ní àdììtú nínú. Mọ́ọ̀dù ni ó gba owó jù nínú iṣẹ́ yìí, ilé iṣẹ́ olórúkọ ńlá sì ń ṣe mọ́ọ̀dù tirẹ̀ fún férémù tirẹ̀ nìkan, ó ń san owó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ti àwọn eléré, ti ìpolówó àti ti àwọn alágbàtà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Xiamen, Shenzhen àti Dongguan ń lo mọ́ọ̀dù gbogbogbòò, tí ẹnikẹ́ni lè ra férémù láti inú rẹ̀ kí ó sì kọ orúkọ tí ó bá wù ú sí i lára. Wọ́n ń tà á tààrà fún ẹni tí yóò gùn ún, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàrin 400 sí 700 dọ́là, nígbà tí ti olórúkọ lè tó 3,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́nrán inú méjèèjì lè jẹ́ ti Toray kan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní T700 lágbára bí 4,900 MPa (megapascal, òṣùwọ̀n agbára ohun èlò) bí wọ́n bá fà á, T800 ju bẹ́ẹ̀ lọ, T1000 sì tún ju ti T800 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà yìí tí àwọn olùtajà fẹ́ràn láti kọ gàdàgbà kò sọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ férémù tí ó dára ni ó sì jẹ́ T700 ní èyí tí ó pọ̀ jù. Èyí tí ó tún máa ń tan ènìyàn jẹ ni àwòrán híhun onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní 3K, tí ọ̀pọ̀ rò pé òun ni àmì kábọ́nù gidi, bẹ́ẹ̀ ọ̀ṣọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́, ìpele kan ṣoṣo lókè pátápátá.

Ìyàtọ̀ gidi wà ní inú, níbi tí ojú kì í dé. Nínú férémù tí wọ́n kánjú ṣe, fọ́nrán lè kákò ní ibi oríkèé, rẹ́sínì lè ṣù jọ sí igun kan, afẹ́fẹ́ sì lè ṣẹ́kù láàrin ìpele kan àti èkejì. Àpò rọ́bà tí wọ́n fẹ́ sínú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ ní kíkákò. Ẹni tí ó bá rà á lè fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ láti ihò ìjókòó àti ihò pẹ́dàlì, kí ó sì fi ìka kàn án: ara tí ó tẹ́jú dára ju èyí tí ó wú kúlúkúlú lọ. Ó tún yẹ kí ó béèrè ìwé ìdánwò ISO 4210, ìyẹn òfin àgbáyé tí ó sọ iye ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ férémù àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ lù ú kí wọ́n tó gbà pé kò léwu. Ilé iṣẹ́ tí ó ní in kì í fi í pamọ́. Férémù tí ó gbé orúkọ olókìkí ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò ju ti aláìlórúkọ lọ, ayédèrú ni, kò sì sí ẹni tí yóò dáhùn fún un bí ó bá ṣẹ́. Aláìlórúkọ tí ó sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Fún ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn tí ó gba Òrù àti Àwà kọjá, àti fún àwọn ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tí ó yà kúrò lára rẹ̀ lọ sí oko, férémù ìdíje tí táyà rẹ̀ kò lè nípọn ju 28 mm kò wúlò, bí ó ti wù kí ó fúyẹ́ tó. Ibi tí agbégilódò ti gbẹ́ ojú ọ̀dà, tí òjò sì ti sọ kòtò di adágún, táyà ni ó ń gba ọ̀pọ̀ ìlù kí ó tó dé ara kábọ́nù. Èyí tí ó yẹ ni férémù tí ó gba táyà 38 tàbí 40 mm, tí àyè sì ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè kọjá, nítorí ẹrẹ̀ oníyanrìn tí ó bá há sáàrin táyà àti férémù ń ha kábọ́nù bí sánpépà. Ohun kejì tí ó yẹ kí ènìyàn wò ni ihò pẹ́dàlì. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń ti bẹ́árìn bọ̀ ọ́ lásán láìsí tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ó sì nílò kí ihò náà yípo régé, èyí tí férémù olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní. Ariwo kẹ́kẹ́kẹ́ tí ń jáde nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ kábọ́nù, ibẹ̀ ni ó ti ń wá. Oríṣi kejì, tí wọ́n ń pè ní BSA, ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí wọ́n yí sínú irin àlúmínì, ẹnikẹ́ni tí ó ní irin-iṣẹ́ rẹ̀ lè tú u kí ó sì dì í, bí ó bá ṣáà ti rántí pé ìhà ọ̀tún rẹ̀ ń dì sí apá òsì. Èyí ni ó yẹ fún ibi tí kò ti sí ilé ìtajà ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ nítòsí. Ohun kẹta kéré, ó sì rọrùn láti gbàgbé: etí irin kékeré tí ẹ̀rọ tí ń gbé ṣéènì láti jíà dé jíà rọ̀ mọ́ kì í bá férémù mìíràn mu, ó sì máa ń tẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú, kí wọ́n ra méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ férémù lọ́jọ́ kan náà.

Nípa jíà, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Shimano ni ẹ̀yà rẹ̀ rọrùn láti rí jù, L-Twoo àti Sensah láti Ṣáínà sì ń ṣiṣẹ́ ní owó tí ó kéré sí i. Jíà 9 tàbí 10 lẹ́yìn tó fún ẹni tí kò díje, ṣéènì rẹ̀ sì nípọn ju ti jíà 12 lọ. Bíréèkì ni ó gba ìrònú. Bíréèkì tí ń fún ríìmù kábọ́nù mú kò dára fún olówó kékeré, nítorí pé ìfúnpọ̀ náà ń mú ríìmù gbóná, rẹ́sínì tí kò bá sì lè gba ooru lè rọ̀ kí ríìmù wú; bíréèkì onídíìsì pẹ̀lú ríìmù àlúmínì ni kí ènìyàn yàn. Bí díìsì náà bá jẹ́ olómi, kí ẹni tí ń tò ó mọ̀ pé òróró tí Shimano ń lò kò bá òróró bíréèkì DOT tí àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ ń tà ní gbogbo ìgboro mu; bí wọ́n bá da ọ̀kan sínú èkejì, rọ́bà inú rẹ̀ yóò wú, bíréèkì yóò sì kú. Díìsì tí ń lo wáyà lásán ni ó bá agbègbè yìí mu jù.

Títò ni ọ̀rọ̀ wà. Ajórin tàbí mẹkáníìkì ọ̀kadà a máa di bóòtù títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi sọ fún un pé ó tó, irin a sì dárí jì í bí ó bá ṣe é jù díẹ̀. Kábọ́nù kì í dárí ji ni. Ọ̀pá ìjókòó, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, àti ọ̀pá ìdarí tí ó ti fọ́ọ̀kì gòkè wá, gbogbo wọn ni òrùka irin ń fún mọ́ra láti ìta, inú wọn sì ṣófo. Bí ìfúnpọ̀ náà bá ju bí ó ti yẹ lọ, fọ́nrán inú á là láìjẹ́ pé ọ̀dà òkè fi nǹkan kan hàn, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ni yóò tó ṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ bóòtù: 5 Nm ni ó wọ́pọ̀ jù. Newton-mita ni Nm, ìwọ̀n agbára ìyípo ni, sípánà pàtàkì kan sì wà tí ń fi í hàn tàbí tí ń dún tá bí ó bá ti pé. Ẹni tí kò bá tíì lè ra irú sípánà bẹ́ẹ̀ lè fi òṣùwọ̀n oníkọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja, kọ́ sípánà ní ibi tí ó jìnnà sí bóòtù ní 10 cm, kí ó sì fà á ní igun 90° sí sípánà títí òṣùwọ̀n yóò fi ka 5 kg: nǹkan bí 5 Nm náà nìyẹn. Ọ̀nà yìí kò péye tó sípánà gidi, ṣùgbọ́n ó sàn jìnnà ju ọwọ́ tí irin ti kọ́ lọ.

Bí ọ̀pá ìjókòó bá ń rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í dé ìwọ̀n, òògùn rẹ̀ ni ọ̀rá oníyanrìn kan tí wọ́n ṣe fún kábọ́nù, tí hóró rẹ̀ wẹ́wẹ́ ń mú kí ọ̀pá àti ihò rẹ̀ di ara wọn mú láìsí ìfúnpọ̀ púpọ̀. Gírísì lásán kò yẹ níbẹ̀, yíyọ̀ ni yóò mú kí ó máa yọ̀. Àwọn kan a máa fi ègé agolo wé ọ̀pá náà kí ó lè há. Etí agolo ń gé fọ́nrán, kí wọ́n má ṣe é. Ọ̀pá ìdarí fọ́ọ̀kì náà ní òfin tirẹ̀: ayùn eléyín wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń gé e, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi téèpù wé ibi tí wọ́n fẹ́ gé kí fọ́nrán má baà fà ya, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ohun tí ń fẹ̀ láti inú gbé e ró kí wọ́n tó di òrùka mọ́ ọn. Kí ẹni tí ń gé e bo imú rẹ̀, kí ó sì da omi sí i bí ó ti ń gé e, nítorí eruku kábọ́nù kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń yún ara.

Ojú ọjọ́ Ìjẹ̀bú kò bá kábọ́nù jà bí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù. Òòrùn ọ̀sán kò gbóná tó ohun tí epoxy tí ó jinná dáadáa lè gbà, ọ̀dà dídán òkè sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Àwọn ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni ojú ọjọ́ ń bá jà: bẹ́árìn, wáyà, bóòtù. Ibi tí àlúmínì bá ti kan kábọ́nù, tí omi iyọ̀ sì wà láàrin wọn, àlúmínì ni yóò jẹrà, nítorí kábọ́nù ń gbé iná mànàmáná kọjá, méjèèjì sì di bátìrì kékeré. Òógùn ara ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní iyọ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ etí òkun ní ìhà gúúsù ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá ìjókòó àlúmínì tí wọn kò tú fún ọdún méjì lè há sínú férémù kábọ́nù títí láé. Kí wọ́n máa yọ ọ́ lóṣù méjì méjì, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì tún un tẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí wọ́n fi gírísì sí tẹ́rẹ́ẹ̀dì gbogbo bóòtù tí ó wọ inú àlúmínì. Omi ẹ̀rọ tí àwọn tí ń fọ ọkọ̀ fi ń fọ ọ̀kadà lágbára jù fún bẹ́árìn; omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ tó.

Òróró ẹńjíìnì tí ó ti dúdú, èyí tí wọ́n ń rí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ni ọ̀pọ̀ ń dà sí ṣéènì, kò sì burú fún kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́, ṣùgbọ́n èérí irin tí ó wà nínú rẹ̀ àti eruku ọyẹ́ tí ó ń fà mọ́ra yóò jẹ eyín jíà kékeré ní kíá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣéènì ti gùn jù kò nílò ju rúlà lọ: láti ìṣó kan dé ìṣó kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12 gééré, bí ó bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íńṣì, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó ba jíà tí owó rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ jẹ́.

Ẹrù àti ìrìnnà ń ba férémù kábọ́nù jẹ́ ní ọ̀nà tí àwọn ìwé tí ó ti òkè òkun wá kì í sábà mẹ́nu bà. Ọ̀pá òkè férémù lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ènìyàn lórí ìjókòó àti lórí pẹ́dàlì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tín-ín-rín, ó lè má ju mìlímítà kan lọ ní àárín, okùn tí ọmọ ọkọ̀ fi dè é mọ́ orí bọ́ọ̀sì kí ó má baà jábọ́ sì lè fọ́ ọ láìdún. Kí wọ́n so ó ní ríìmù àti ní ọ̀pá ìjókòó, kí wọ́n sì fi fóòmù wé ìyókù. Bákan náà, kò yẹ kí wọ́n di agbẹ́rù mọ́ ọ̀pá ìjókòó kábọ́nù. Ẹni tí ó fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì epo tàbí iṣu láti oko, kábọ́nù kò ṣe fún un, irin ni kí ó lọ rà.

Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú, irin á fi ìpalára rẹ̀ hàn, á tẹ̀. Kábọ́nù lè wà ní ìdúró rẹ̀ kí inú rẹ̀ sì ti là. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n sì gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ láti wá ìlà tí ó bá fọ́nrán lọ tàbí tí ó dá a kọjá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi owó ẹyọ kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí ibi tí ó yè ń dún ketekete, ibi tí ìpele rẹ̀ ti ṣí kúrò lára ara wọn sì ń dún bòbò. Àyẹ̀wò yìí kì í rí ohun gbogbo. Nítorí náà, fọ́ọ̀kì tàbí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí ó bá fara gbá dáadáa, kí wọ́n jù ú nù láìjiyàn, nítorí bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ́ lórí eré, ojú ni ènìyàn yóò fi lu ọ̀dà.

Ọ̀pá férémù fúnra rẹ̀ ṣeé tún ṣe, ibí sì ni agbègbè yìí ti ní ìmọ̀ tí kò tíì lò. Ajórin kò lè ṣe ohunkóhun fún kábọ́nù. Ẹni tí ó lè ṣe é ni àwọn onífáíbà, ìyẹn àwọn tí ń fi aṣọ gíláàsì àti rẹ́sínì tún bọ́ńpà ọkọ̀ àti táǹkì omi ṣe ní ìgboro, àti àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi onífáíbà lórí ọ̀sà. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń po rẹ́sínì, bí wọ́n ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dúró dè é kí ó yi. Ohun méjì ni ó kù kí wọ́n yí padà. Rẹ́sínì polyester tí wọ́n ń lò, tí òórùn rẹ̀ ń gún imú, kì í lẹ̀ mọ́ epoxy tí ó ti jinná dáadáa, ó sì ń sún kì bí ó bá ń gbẹ. Epoxy ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọn òun àti èyí tí ń mú un yi gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára agolo, kí wọ́n má fi ojú dá a. Èkejì, kì í ṣe kí wọ́n lẹ àbùlẹ̀ mọ́ orí ọ̀dà: wọ́n gbọ́dọ̀ fi sánpépà yọ ọ̀dà, kí wọ́n gé ibi tí ó ti là kúrò, kí wọ́n sì bó etí rẹ̀ ní ìpele ìpele títí yóò fi tẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìpele tuntun kọ̀ọ̀kan lè jókòó lórí àtijọ́ tí ó bá a mu, kí ìlà fọ́nrán rẹ̀ sì tẹ̀lé ti àtijọ́. Wọn yóò fi téèpù tí wọ́n lu níhò wé e gírígírí kí àjùlọ rẹ́sínì lè jáde, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán, ooru ọ̀sán á sì ràn án lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé irú iṣẹ́ yìí kò lè tọwọ́ àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde, kí ó wo Ghana. Craig Calfee, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe férémù kábọ́nù fún LeMond ní 1991, ni ó tún fi ọparun ṣe férémù ní àárín ẹ̀wádún yẹn, tí ó sì wá kópa nínú iṣẹ́ tí ó gbé ọgbọ́n náà lọ sí Ghana. Lónìí, Ghana Bamboo Bikes Initiative tí Bernice Dapaah wà nídìí rẹ̀, àti Booomers tí Kwabena Danso dá sílẹ̀ ní Yonso ní ilẹ̀ Aṣáńtì, ń fi ọparun kọ́ férémù tí wọ́n ń tà fún àwọn ará òkèèrè. Ọparun ni ọ̀pá rẹ̀, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ jẹ́ okùn tí wọ́n rì sínú epoxy tí wọ́n sì wé mọ́ ọn ní igun orísìírísìí, ìlànà kan náà tí ó mú férémù kábọ́nù dúró. Ọparun pọ̀ lẹ́bàá odò láti Òrù dé Àwà, igi tí wọ́n fi ń gbé dẹ́kíìnì ilé ró ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kí ó tó lè di férémù, wọ́n gbọ́dọ̀ gé èyí tí ó ti gbó, ọlọ́dún mẹ́ta sókè, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kí wọ́n sì sá a sábẹ́ òjìji fún oṣù mélòó kan, nítorí èyí tí kò bá gbẹ dénú yóò sún kì kúrò nínú oríkèé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wé e tán. Owó epoxy àti ti okùn rẹ̀ kò tó owó férémù kan láti Xiamen, bí oríkèé kan bá sì là, onífáíbà tí ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bó etí kábọ́nù ní ìpele ìpele lè fi sánpépà bó òun náà, kí ó sì tún un wé.